Ìṣirò-Kejì Lẹ́nu Odi

Ìgbà tí Ọ̀gá Adégòroyè yọ bátìrì ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó wá fi èékánná ṣí ilé bátìrì kékeré pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà! Ẹ má yọ ìyẹn! Ẹ kọ́kọ́ dá àwọn ńlá padà!"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀, ó sì ti èékánná náà wọlé. Bátìrì pẹlẹbẹ náà fò jáde, ó bọ́ sínú abọ́ irin tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ máa ń kó ẹrù òfin sí. Ojú ẹ̀rọ ìṣirò bàbá mi ṣófo lójú mi báyìí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti di irú ẹ̀rọ yẹn mú rí mọ̀ pé àwọn bátìrì ńlá ló ń bọ́ ọ, kékeré ló sì ń ṣọ́ iyè rẹ̀ nígbà tí a bá ń pààrọ̀ àwọn ńlá. A kì í yọ wọ́n pọ̀. Kí bàbá mi tó fi bọ́tìnnì kankan hàn mí ló ti kọ́ mi ní ìyẹn. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ kò mọ̀. Òfin tiwọn ni pé ohun èlò tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ọ̀daràn, kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó bá ṣeé yọ lára rẹ̀, kó má baà sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo ètò tí bàbá mi kọ sínú ẹ̀rọ náà, àti gbogbo àtúnṣe tí èmi ṣe sí i, ló ti lọ.

"Ó ti dákẹ́," Ọ̀gá Adégòroyè wí. "Báyìí ló ṣe yẹ kí ọ̀daràn àti ẹrù rẹ̀ rí."

"Èmi kì í ṣe ọ̀daràn, sà. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi gun àtẹ̀gùn yín wá."

"Òmùgọ̀ ọ̀daràn nìyẹn, Fìkáyọ̀."

Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, tí mo gun ilé ìṣọ́ tó wà lórí odi òkun, tí mo fi ojú ẹ̀rọ hàn án, tí mo sọ pé kó wo ìlà yìí bó ṣe ń gòkè, omi máa dé orí ẹrẹ̀ kí agogo mẹ́wàá tó lù. Agogo mẹ́sàn-án ti lù nígbà náà. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ mo lè rí àwọn tó wà lórí ẹrẹ̀ níta odi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa ìṣáwùrú, agbọ̀n wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìbíyẹmí àbúrò mi wà nínú wọn. Gèlè pupa ló wé. Òun ló jìnnà jù, nítorí ojúkòkòrò kò jẹ́ kó ṣa èyí tó wà nítòsí.

Ohùn Ọ̀rọ̀kan, ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe ìṣirò fún gbogbo ìlú, jáde láti ara òpó, ohùn obìnrin tó dùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ẹnu-Odi. Omi yóò dé orí ẹrẹ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán. Fèrè yóò dún ní agogo mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ kan ni."

"A gbọ́," Ọ̀gá Adégòroyè dáhùn, ó fi ìka kan ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà wí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ "a gbọ́" láti àgbàlá ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn tó ń dúró de ìgbà iṣẹ́ ọ̀sán jókòó sí. Èmi kò dáhùn. Ẹ̀gbà ọwọ́ mi tó ń tan iná àwọ̀ ewé láti òwúrọ̀ yí padà sí àwọ̀ ìyeyè.

"Ó ti rí i pé o ò dáhùn," ọ̀gá wí.

"Ó rí èmi, kò rí omi. Sà, ẹ gbọ́ mi. Ìjì tó jà lóṣù tó kọjá ti já òkìtì iyanrìn tó wà lẹ́nu òkun. Tẹ́lẹ̀, omi ní láti yí gba ẹnu odò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Báyìí, ọ̀nà àbùjá ló ń gbà. Òpó tí Ọ̀rọ̀kan fi ń wọn omi, ẹnu odò lọ́hùn-ún ló wà. Omi ti máa ń dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀."

"Ta ló ṣe ìṣirò yẹn?"

"Èmi ni."

"Ọ̀rọ̀kan ti ṣe é. Nígbà tí ìwọ tún ṣe é, kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ọmọ ọdún márùn-ún ní Ẹnu-Odi mọ orúkọ rẹ̀.

"Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Ìṣirò-kejì," mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín inú dídùn. Ó gbé abọ́ irin náà, ó ní kí n máa bọ̀ nísàlẹ̀. Òfin wọn sọ pé ẹni tí a kò bá bá lẹ́nu ẹ̀ṣẹ̀, a kò lè dá a lẹ́bi, bó ti wù kó jẹ́wọ́ tó. Èèyàn gbọ́dọ̀ rí i, ojú Ọ̀rọ̀kan gbọ́dọ̀ rí i. Ó fẹ́ kí n tún ẹ̀ṣẹ̀ náà dá níwájú gbogbo ayé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ni iṣẹ́ àwọn Ẹ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀tẹ̀ máa jẹ èèyàn lọ.

Àgbàlá náà kún. Wọ́n ti gbọ́ ariwo mi. Ọ̀gá Adégòroyè mú mi dúró sábẹ́ gíláàsì dúdú tí Ọ̀rọ̀kan fi ń wo àgbàlá, ó da bátìrì náà lé mi lọ́wọ́, ó sì gbé ẹ̀rọ tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀yin ará," ó wí, "obìnrin yìí ní òun gbọ́n ju Ọ̀rọ̀kan lọ. Ó ní nǹkan ìṣeré yìí lè sọ ìgbà tí omi máa dé. Fìkáyọ̀, bí ìmọ̀ náà bá jẹ́ tìrẹ lóòótọ́, kò yẹ kó jẹ́ inú ike ló ń gbé. Tún un kọ."

"Ẹ fun fèrè ná, sà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Èmi á máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀."

"Tún un kọ."

Mo to bátìrì padà, mo tan ẹ̀rọ. Mo tẹ bọ́tìnnì ètò, mo ṣí ètò tuntun, mo sọ ọ́ ní OMI, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti sọ ọ́. Ìka mi mọ iṣẹ́ náà ju ojú mi lọ. Mo gbé gíga omi sínú lẹ́tà A, mo tẹ ọfà. Mo gbé ìyára òṣùpá sínú B, ìyára oòrùn sínú D, nítorí àwọn méjèèjì ló ń fa òkun, òṣùpá ló sì lágbára jù. Mo kọ àkámọ́, mo tẹ bọ́tìnnì ìgbì, mo pa àkámọ́ dé. Mo wá kan lẹ́tà L, èyí tó ń sọ bí omi ṣe ń pẹ́ lọ́nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Níbẹ̀ ni mi ò fi ti bàbá mi sí. Tèmi ni mo fi sí, èyí tí mo rí lẹ́yìn ìjì, nígbà tí mo máa ń dúró lórí odi lójoojúmọ́ tí mò ń wo ìgbà tí omi máa kan òpó kan tó ti fọ́ níwájú odi.

Nǹkan tí mo fẹ́ràn nínú ètò nìyẹn. Bí ayé bá yí, èèyàn á lọ síbi lẹ́tà kan ṣoṣo, á tún un ṣe, gbogbo ìyókù á sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀kan kò ní irú ibẹ̀ yẹn, tàbí bó bá ní in, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tí kò ṣìṣe rí, kí ló fẹ́ tún ṣe?

"Ṣó o ti parí?" ọ̀gá bi mí.

"Mo ti parí."

Mo tẹ bọ́tìnnì àwòrán, mo gbé ẹ̀rọ sókè kí wọ́n rí i. Àwọn tó wà níwájú sún mọ́ mi. Irú ẹ̀rọ yẹn kì í yára. Àmì kékeré kékeré ló fi ń ya ìlà, láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, èèyàn á sì máa wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tó ń kọ orúkọ.

Ìlà náà gòkè, ó sọ̀. Ó tún gòkè, ó sọ̀. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gòkè tó tún sọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, eyín òòyà gan-an ló rí, títí tó fi kan etí kejì.

Mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Ọ̀gá Adégòroyè na ọrùn wò ó. "Ẹ wá wò ó o! Ìgbà mélòó ni òkun ń lọ tó ń bọ̀ lóòjọ́ nílé yín, Fìkáyọ̀? Àbí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe é?"

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ju èèpo ìṣáwùrú lù mí léjìká. Ẹlòmíràn ní bàbá mi náà ya wèrè kó tó kú. Irọ́ ló pa, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá mi gbè é?

Mo yẹ lẹ́tà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. A pé. B pé. D pé. L pé. Àkámọ́ pé. Omijé ti kún ojú mi, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀gá rí i. Mo gbójú sókè, mo rí gèlè pupa àbúrò mi láàárín irin ẹnu ọ̀nà odi. Kò tíì nàró. Ó ṣì ń ṣa ìṣáwùrú. Mo padà wo ẹ̀rọ, mo sì rántí pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló lọ, kì í ṣe ètò nìkan.

Mo ṣí ojú ewé tí wọ́n fi ń to ẹ̀rọ náà, èyí tí mi ò ṣí láti ìgbà tí mo ti gbà á. Òun rèé. Ẹ̀rọ yẹn mọ ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà wọn igun, dígírì ni ọ̀kan, rédíánì ni èkejì. Dígírì ni bàbá mi tò ó sí, kò sì yí i padà títí tó fi kú. Nígbà tí Ọ̀gá Adégòroyè gba iyè ẹ̀rọ náà, ó padà sí rédíánì tí wọ́n fi bí i. Èmi wá ń bu nọ́ńbà dígírì fún un. Bí ẹni tó sọ iye kọ́ńgò ìrẹsì tó fẹ́, tí wọ́n wá fi dérìkà wọ̀n ọ́n fún un ni. Ẹ̀rọ kò ní sọ pé o ṣìṣe. Ohun tó o bá ní kó ṣe ló máa ṣe.

Mo yí i sí dígírì, mo tún tẹ àwòrán.

Lọ́tẹ̀ yìí ìlà náà jáde jẹ́ẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lówùúrọ̀, ó yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo fi ọfà tẹ̀ lé e, mò ń ka nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Kí agogo mẹ́wàá tó lù ló kọjá gíga ẹrẹ̀.

"Ẹ wò ó! Èyí ni! Mo gbàgbé láti tò ó ni. Ẹ wò ó, sà, omi ti ń bọ̀ báyìí!"

Ọ̀gá Adégòroyè kò wo ojú ẹ̀rọ mọ́. Àwọn èèyàn ló ń wò.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ó wí. "Ẹ̀rọ kan náà, obìnrin kan náà. Ìgbà tí èèyàn lè fi mu ife omi kan, ọ̀rọ̀ méjì ló ti sọ. Èwo ni ká gbà gbọ́? Láti ìgbà tí ẹ ti dáyé, ṣé Ọ̀rọ̀kan sọ ọ̀rọ̀ méjì fún yín rí?"

"Rárá!" wọ́n dáhùn.

"Èyí àkọ́kọ́ ni àṣìṣe, èkejì ni òótọ́!" Mo ti ń kígbe. "Mo lè fi ibi tí mo ti ṣìṣe hàn yín. Ẹ ní kí Ọ̀rọ̀kan fi tirẹ̀ hàn yín! Ọkọ Ìyá Kọ́ládé ńkọ́? Lẹ́yìn ìjì ló lọ sórí ẹrẹ̀, omi sì gbé e lọ kí fèrè tó dún!"

Kò yẹ kí n sọ ọ́. Ìyá Kọ́ládé wà níbẹ̀, ó jókòó lórí agbọ̀n rẹ̀. Ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rìn wá síwájú mi, ó sì fọ́ mi létí.

"Ọkọ mi pẹ́ ni," ó wí. "Ọ̀rọ̀kan ní ó pẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ṣìṣe. O gbọ́? Kò sẹ́ni tó ṣi ọkọ mi pa."

Mo wo ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé n kò lè fi ìlà kankan ṣẹ́gun ìyẹn.

Okùn fèrè wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ìbẹ̀rù ló ń ṣọ́ ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ odi, ọwọ́ èèyàn kò kàn án rí, Ọ̀rọ̀kan fúnra rẹ̀ ló ń fun fèrè. Mo ti Ìyá Kọ́ládé sẹ́yìn, àgbàlagbà tó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí, mo ki ẹ̀rọ bọ inú aṣọ mi, mo fò mọ́ okùn náà, mo sì fi gbogbo ara mi fà á.

Fèrè ké. Mi ò mọ̀ pé ariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ béèyàn bá dúró sábẹ́ rẹ̀. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ ń fa aṣọ mi, ọ̀kan ń fi igi lù mí lẹ́yìn, mi ò sì jáwọ́. Láàárín irin mo rí wọn tí wọ́n ń nàró lórí ẹrẹ̀, tí wọ́n ń wo ara wọn, tí wọ́n ń gbé agbọ̀n. Gèlè pupa ló nàró gbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó jẹ́ kí wọ́n já ọwọ́ mi kúrò.

Wọ́n sáré wọlé, ẹrẹ̀ dé itan wọn. Ìbíyẹmí já sí àgbàlá, agbọ̀n rẹ̀ kò tíì dé ìdajì.

"Agogo mọ́kànlá ti lù ni?" ó ń bèèrè. "Ta ló fun fèrè?" Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí mi, ó dúró. "Àǹtí mi? Kí lẹ ṣe yìí? Kí lẹ fẹ́ kí n fi bọ́ àwọn ọmọ?"

Ẹnu mi kún fún ẹ̀jẹ̀, ojú mi sì wà lórí ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ náà mọ́, kò sí omi kankan lórí rẹ̀. Ẹyẹ kan ń rìn lórí rẹ̀. Gbogbo àgbàlá ń wò ó pẹ̀lú mi, wọ́n ń bú mi, mo sì ń bẹ òkun nínú ọkàn mi pé kó máa bọ̀. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́.

Ẹyẹ náà fò. Omi yọ ní ìpẹ̀kun ẹrẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Kò ru, kò pariwo. Ó kàn ń tẹ́ wá ni, ó ń yára ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ, ó kọjá ibi tí Ìbíyẹmí dúró sí, ó kọjá ibi tí àwọn ìyókù dúró sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹsẹ̀ odi. Kò sẹ́ni tó bú mi mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ẹnu-Odi," Ọ̀rọ̀kan wí, ohùn rẹ̀ dùn bí ti tẹ́lẹ̀. "Omi ti dé orí ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni."

"A gbọ́," wọ́n dáhùn. Mo rí ètè Ìbíyẹmí tó ń mì pẹ̀lú tiwọn.

Ọ̀gá Adégòroyè fà mí sẹ́bàá ògiri. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò lọ ju ọ̀nà méjì lọ. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo fun fèrè nípa ìṣirò-kejì, a ó lé ọ kúrò nílùú lónìí. Ìwọ nìkan kọ́ o. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè fèrè èké, ẹ̀gbà rẹ̀ á pupa, kò ní kọjá ẹnu odi títí ọdún á fi yí. Ìpín aláìríṣẹ́ ni wọ́n á máa jẹ. O mọ bí ìpín yẹn ṣe kéré tó."

"Wọn ì bá ti kú, sà. Ẹ rí i."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí mo rí. Ọ̀nà kejì rèé: Ọ̀rọ̀kan fúnra rẹ̀ ló bá ọ sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀gbà rẹ, ó ní kó o fun fèrè. Wàá sọ bẹ́ẹ̀ sókè. Wàá gbé nǹkan ìṣeré yẹn sílẹ̀. Gbogbo yín á lọ sílé."

Mo wo àbúrò mi. Ó ń fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ nu ojú, ó ń wo omi tó bo ibi tó dúró sí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mẹ́ta ló bí, èyí tó kéré jù kò tíì máa rìn. Mo kórìíra ọ̀gá yẹn débi pé eyín ń dùn mí. Síbẹ̀ mo jáde sábẹ́ gíláàsì dúdú náà, mo gbé ohùn sókè.

"Ọ̀rọ̀kan ló bá mi sọ̀rọ̀. Òun ló ní kí n fun fèrè."

Àgbàlá mí kanlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ẹ̀gbà wọn. Ìyá Kọ́ládé ń sunkún. Ìbíyẹmí fi ẹnu ko ẹ̀gbà tirẹ̀.

"Ọ̀rọ̀kan gbà mí," ó wí. "Ẹ dákun, Àǹtí mi, ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ pé òun ló rán yín."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ẹnu-Odi," òpó wí. "Lọ́la, omi yóò dé orí ẹrẹ̀ ní agogo kan ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ kan ni."

"A gbọ́!" Wọn kò tíì dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ṣe ni wọ́n pariwo rẹ̀.

Ẹ̀rọ ṣì wà nínú aṣọ mi, mo yọ ọ́. Mo ti ìlà náà síwájú lọ sí ọjọ́ kejì. Ojoojúmọ́ ni omi máa ń fi bíi wákàtí kan pẹ́ ju ti àná lọ. Kí agogo mọ́kànlá tó lù lọ́la, ẹrẹ̀ á ti wà lábẹ́ omi.

Mo di ọwọ́ àbúrò mi mú. "Ìbíyẹmí, má lọ lọ́la."

"Kí ló dé?"

"Omi máa dé kí agogo mọ́kànlá tó lù."

"Ọ̀rọ̀kan ní agogo kan ni, ẹ̀yin náà gbọ́." Ó wò mí dáadáa. "Ṣé ó tún bá yín sọ̀rọ̀ ni?"

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo túbọ̀ dì mú.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo wa pé òun ló gbà wá. Kí n wá máa sá fún un? Èyí tó ṣẹ́kù lónìí, mo gbọ́dọ̀ lọ ṣa á lọ́la." Ó ti gbé agbọ̀n rẹ̀. "Mo máa tètè lọ, kí n lè dé ibi tó jìnnà."

Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Adégòroyè ti ń fi ẹ̀wọ̀n irin de okùn fèrè mọ́ ògiri. Ó gbọ́ ohun tí a sọ, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́. Ó tẹ àgádágodo pa, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n mú ẹ̀rọ wá.

Kò sí irọ́ tí mo pa rí tó gbóná lọ́fun mi tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ yẹn ló máa mú gbogbo wọn lọ sórí ẹrẹ̀ lọ́la pẹ̀lú ìgboyà. Mo wo ẹ̀gbà ọwọ́ wọn, àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ìgbà yẹn ni ohun tí ọ̀gá fi dẹ́rù bà mí ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ bá pupa kò ní kọjá ẹnu odi.

Mo padà sábẹ́ gíláàsì dúdú.

"Fìkáyọ̀," ọ̀gá pè mí. "Fìkáyọ̀, máa bọ̀ níbí."

"Mo parọ́!" mo ké. "Ọ̀rọ̀kan kò sọ nǹkan kan fún mi. Èmi Fìkáyọ̀mi ni mo ṣe ìṣirò-kejì. Ẹ̀rọ rèé, ẹ wò ó. Èmi ni mo fun fèrè, gbogbo àwọn tó wọlé yìí, ìpè mi ni wọ́n jẹ́!"

Gíláàsì náà tàn fìrí. Ẹ̀gbà mi ló kọ́kọ́ pupa. Tẹ̀ lé e ni ti ọkùnrin tó dúró tì mí, ti ìyàwó rẹ̀, ti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin méjì tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn. Ó ń tàn láti ọwọ́ dé ọwọ́ àwọn tó ti orí ẹrẹ̀ wọlé, yí àgbàlá ká. Àwọn èèyàn ń na ọwọ́ wọn jìnnà sí ara, bí ẹni pé iná ń jó wọn. Ti Ìbíyẹmí ló pupa gbẹ̀yìn.

Ó kọ́kọ́ wò ó. Ó wá wò mí, agbọ̀n sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ!" ó wí. Láti ìgbà tí mo ti pọ̀n ọ́n, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Kí ni mo fi ṣe ọ́? Ọmọ mẹ́ta ni mò ń bọ́! O ti parọ́ tán, o tún padà wá ba tèmi jẹ́! Kò ní dáa fún ọ! Ibi tó o bá ń lọ, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní gbà ọ́!"

Wọ́n ti ń wọ́ mi lọ sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn tí a lé kúrò nílùú. Ọ̀gá Adégòroyè já ẹ̀rọ bàbá mi gbà, ó jù ú sílẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́ títí tó fi fọ́ wẹ́wẹ́. Àwọn èèyàn ń sọ òkúta lù mí. Ìbíyẹmí sáré tẹ̀ lé wa lórí odi, gèlè rẹ̀ ti tú, ó ń ṣépè, ó ń fi orúkọ ìyá wa ṣépè. Ọkọ̀ ti jìnnà, mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Mo wẹ̀yìn wò ó títí tí mi ò fi rí i mọ́. Ó ń bú mi, ó ń mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.